Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi, tí Mo Ba Ìwé Jẹ́ Mọ́ Lọ́wọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́ níbí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú ọjọ́. Mo gbàdúrà pé kí orúnkún yín ti fúyẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ilé yín ní Oǹdó, pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìkíni bo ẹ̀bẹ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lẹ́nu ìkíni. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo sì fẹ́ kí àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà bá wa gbọ́ ọ, torí pé ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti ṣẹ̀ yín, kò sì yẹ kí n wá bẹ̀ yín ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù tí ó kọjá ni. A pé mẹ́sàn-án ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìjọ́mú, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe lóṣooṣù, oníkálùkù sì mú àyẹ̀wò ránpẹ́ tí ó kọ lórí ìwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà dání, ojú ewé kan péré nínú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọléèwé, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ̀yin wọ mọ́tò wá láti Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sì jókòó sórí àga tí ó sún mọ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Ìwé Àjà Ló Lẹrù wà lórí itan yín, igi ìgbálẹ̀ kan wà láàárín rẹ̀, dígí ọlọ́wọ́ tí ẹ fi ń sọ lẹ́tà kéékèèké di ńlá sì wà lórí ìwé náà. Mo rí ìwé, mo rí dígí, mo rí igi ìgbálẹ̀. Ohun tí n kò rò ni pé igi ìgbálẹ̀ tí ó bá wà láàárín ìwé túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò tíì kà á tán.

Nígbà tí ó kàn mí, mo dìde, mo ka tèmi. Ìlà mọ́kàndínlógún ni mo kọ. Ìlà mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn: mo sọ pé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni ó kọ ìwé náà, pé ó jáde ní 1969, pé Lápàdé tí ó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni ó ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀, àti pé bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń ta ọ̀rọ̀ síra wọn pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. Ìlà kẹtàdínlógún ni mo ti sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe parí. N kò ní tún un kọ síbí, nítorí àwọn tí wọ́n ń bá wa gbọ́.

Mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́, mo rò pé eruku ni. Mo ka ìlà kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, mo jókòó, mo sì ń dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ rọra fa igi ìgbálẹ̀ yọ láàárín ìwé, ẹ fi í sí àpò àyà bùbá yín, ẹ gbé ìwé náà lé orí àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ sì dé fìlà. Ẹ ní, "Ó dáa. Ó ti bá mi kà á tán." Iyán tí wọ́n gún dè yín ṣì ń yọ ooru nígbà tí ẹ jáde. Kò sí ẹni tí ó lè wo ojú mi. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ni ilé sáré tẹ̀ lé yín dé ojú títì, ó sì padà wá sọ pé ẹ ti wọ ọ̀kadà lọ sí gáréèjì, ẹ sì ní kí wọ́n má ṣe bá mi wí.

Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n bá mi wí ni, ì bá sàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí ó gbé mi dé ìlà kẹtàdínlógún. Mo rò pé mo ti rí i. Ó rọrùn láti tún ìtàn sọ, ó ṣòro láti sọ ohun tí ìtàn náà ṣe fún ẹni tí ó kà á. Nígbà tí ojú ewé bá kù díẹ̀ kí ó tán, tí ènìyàn kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ, ọwọ́ rẹ̀ a kàn ki bọnú ìtàn bí ẹni tí ó ń wá ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. A ní èyí ṣẹlẹ̀, ìyẹn náà sì ṣẹlẹ̀, títí a ó fi bá ara wa ní òpin. Èmi nìkan kọ́ ni ó ń ṣe. Àwọn yòókù sì ní àrùn tiwọn. Ẹnì kan wà tí gbogbo ìwé máa ń dùn mọ́ lọ́nà kan náà, mo sì ń fura pé kì í kà kọjá ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Olùkọ́ kan wà láàárín wa tí ó máa ń fún ìwé ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, bí ẹni pé òǹkọ̀wé jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń retí èsì ìdánwò.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi. Bí oníbàárà bá bi mí nípa aṣọ kan, mo lè sọ fún un bóyá ó máa ń ṣí bí omi bá kàn án, bóyá ooru rẹ̀ pọ̀, bóyá ó yẹ kí a fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, àti bóyá ó tó iye tí wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí ó fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Kò ní kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sí òde ná kí n tó gbé e fún òun. Èyí tí mo ṣe fún yín nìyẹn: mo wọ aṣọ yín lọ òde.

Bí mo sì ti ń rò ó sí i ni mo rí i pé kí ènìyàn kàn má sọ òpin kò tó. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó ní àjà tí ó kó ẹrù rẹ̀ sí, àjà wọn kò sì sí lójú kan náà. Ti Òkédìjí wà ní òpin, mo ti fi ẹsẹ̀ là á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo tún Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kà, èyí tí Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí ó jẹ́ aládùúgbò yín, tẹ̀ jáde ní 1938, ẹ sì wo bí tiyẹn ṣe rí. Ẹni tí ó bá ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ó ni ìtàn náà, kò kú sínú igbó, torí òun fúnra rẹ̀ ni ó wá bá òǹkọ̀wé pé kí ó mú kálàmù àti ìwé kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Àṣírí ti tú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Àkàrà-ògùn padà wá ní ọjọ́ kejì, èrò ti pé jọ dè é, ní ọjọ́ kẹta wọ́n tún pọ̀ sí i. Ta ni nínú wọn ni kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti bọ́? Ó jókòó síwájú wọn, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe bọ́ ni wọ́n wá gbọ́, àti ẹnu tí ó fi ń sọ ọ́.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ kọ àyẹ̀wò ránpẹ́ lórí ìwé yìí, mo lè sọ ẹni tí ó padà dé àti ẹni tí kò padà dé, kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe ni kí n fi gbólóhùn tèmi tí ó gbẹ bí ẹ̀fọ́ àná rọ́pò gbólóhùn Fágúnwà. N óò kàn ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kà á sókè, kí ó sì ní ẹni tí ń gbọ́ ọ. N óò sì fi òtítọ́ kún un pé nígbà tí Àkàrà-ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ilé Ìrágbèje olójúlé méje, tí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n nímọ̀ràn, ojú mi wọnú oorun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ibẹ̀.

Bí mo ti ń kà á ni mo rántí pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ kà á fún wa. Iná ti lọ, àtùpà wà lórí tábìlì, àwa ọmọ mẹ́rin sì wà lórí ẹní. Ẹ kà á dé ibi tí Àkàrà-ògùn ti fojú kan Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n sì ti gbá ara wọn mú, ni ẹ bá pa ìwé dé. Ẹ ní ó di ọ̀la. A sunkún, a bẹ̀ yín, ìyàwó yín pàápàá bá wa bẹ̀ yín láti ilé ìdáná, ẹ kò gbà. Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ẹ pè kí ó tó wá jókòó. Bàbá, ẹni tí ó kọ́ mi ní adùn ìdúró ni mo gba ìdúró mọ́ lọ́wọ́.

Ìwé kejì tí mo kà ni ó dà mí láàmú jù, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìtàn Ìgbésí-Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá ni. Ẹ óò rántí pé bí lẹ́tà ni ó ṣe ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 títí wọ 1930: obìnrin Èkó kan tí ó ti fi ẹwà rẹ̀ jẹ ayé, tí àìsàn wá dá a gúnlẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ń jẹ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Isaac Thomas, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé ìgbà náà kò mọ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn nípa Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé wọ́n lè pàdé rẹ̀ lójú títì. Níbo wá ni àjà ìwé yìí wà? Kì í ṣe ní òpin, torí a ti mọ ibi tí obìnrin náà ń lọ láti lẹ́tà àkọ́kọ́. Bóyá obìnrin náà wà tàbí kò sí ni àṣírí rẹ̀. Èmi sì ti mọ̀ kí n tó ṣí i, torí pé orúkọ Thomas wà lára ìwé tí mo kà, mo sì ń jowú àwọn tí wọ́n kà á ní Èkó nígbà náà. Mo ti kọ àyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan sọ pé ọkùnrin ni ó kọ ọ́, èkejì kò sọ. Èyí tí kò sọ dùn ún kà jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ń purọ́. Èwo ni kí n mú lọ sí ìpàdé? Ohun tí ó dá mi lójú ni pé èmi tí mo máa ń rán aṣọ fún onírúurú obìnrin gbọ́ ohùn àwọn kan nínú wọn nínú ìwé náà, mo sì fo apá kan kọjá nítorí ìwàásù àti ìkìlọ̀ tí Sẹ̀gilọlá ń tún sọ ṣáá.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, èyí tí ó jáde ní 1974, ni mo fi sinmi. Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìyá rẹ̀ tí ó fẹ́ rí ìyàwó, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ pín sí: ohun tí n óò sọ nìyẹn, n óò sì dákẹ́. Láti ìgbà tí Túndé Kèlání ti sọ ọ́ di fíìmù ní 1997 ni wọ́n ti ń wá rán ìró àti bùbá olékù tí kò kọjá orúnkún lọ́dọ̀ àwa aránṣọ, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ ni kò mọ̀ pé ìwé wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti yá ẹni méjì ní tèmi.

Ìyókù kò pọ̀. A ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni tó ka àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ta ni ó ṣì ń ka ìwé náà lọ́wọ́; olùkọ́ wa sì ti gbà láti fi máàkì rẹ̀ mọ sí iléèwé. Àga tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé ṣófo títí di òní. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bí ẹ bá wá, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ kà, èmi ni n óò sì gún iyán.

Dẹ́rẹ́bà tí ẹ mọ̀ ní gáréèjì yóò gbé àpò kékeré kan wá fún yín ní ọjọ́bọ̀. Àgbàlagbà Akàn wà nínú rẹ̀, èyí tí Òkédìjí kọ tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé náà ni ó tún wà nínú rẹ̀. N kò tíì ṣí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó tíì ṣí i. Ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ àyẹ̀wò rẹ̀. Àjà Ló Lẹrù tí ẹ gbé sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo wá ojú ewé tí ẹ kà á dé. Igi ìgbálẹ̀ yín ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó tẹ ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́ sára ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo já igi tuntun lára ìgbálẹ̀ ilé mi, mo sì tẹ́ ẹ sójú ìlà náà gan-an.

Èmi ni ọmọ yín ní Àkúrẹ́.