Ẹni Tí Iṣẹ́ Ń Mú Sùn Lójú Ọ̀nà ni Kí O Wá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyá rẹ náà gbọ́ ọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n kí ọkọ rẹ, kí n sì sọ fún ọ pé oúnjẹ gidi ni kí o máa jẹ nínú ipò tí o wà yìí, kì í ṣe bisikíìtì. Mo ti jíṣẹ́. Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Coaster rẹ, èyí tí o kó àga inú rẹ̀ kúrò, tí o sọ di ilé tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀, tí o wá fẹ́ kí n bá ọ tà.

O ní kí n gbé e fún àwọn dílà tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin níbí, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ mú owó wá máa gbé e lọ. N ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Láti ìgbà tí Peugeot 504 ṣì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá ni mo ti ń ra mọ́tò tí mo sì ń tà á nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n á wo ibùsùn, wọ́n á ṣí síńkì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní àwọn máa tú gbogbo rẹ̀ dànù, àwọn máa to àga padà sí i, kí o yáa yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò lórí owó bọ́ọ̀sì. Ohun tí ìwọ kà sí ẹwà, àbùkù ni lójú wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀dájú o. Ẹni tó ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn ni wọ́n ń tà á fún, èrò tó sì ń lọ Ìbàdàn kò wá bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn tó ń wọ ọgbà wá láti wá wò ó náà kò ní í rà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa, ń wá, wọ́n ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, wọ́n ń bi mí léèrè bóyá mo lè fi yá wọn ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ láti ìjọ ń gun orí ibùsùn wò. Gbogbo ayé ló wù, àmọ́ “ó wù mí” kì í ṣe owó. Ẹni tí yóò sanwó gidi lórí bọ́ọ̀sì yìí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú un sùn níbi tí kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, tó sì ti ń náwó lórí ìyà yẹn tipẹ́. Irú wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà, wọn kò sì jìnnà sí wa.

Àwọn onífíìmù ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Kunle Afolayan ti kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí Igbójàyè, àwọn òṣèré ti mọ ọ̀nà Òkè-Ògùn dáadáa. Mo bá ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn ṣètò ìrìn-àjò sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ kọ́ mi lọ́gbọ́n: ó ní jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá àwọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á, ẹni tí wọ́n ń kun àtíkè fún á wá jókòó sínú ooru, kí wọ́n tó pè é, gbogbo ojú ti yọ́. Bọ́ọ̀sì tìrẹ, sólà ló ń gbé iná àti fáànù rẹ̀, kò ní ohùn rárá. Ìwọ ń kọ ọ́ sínú ìpolówó rẹ pé “ó ní ibùsùn aláyè gbígbòòrò.” Ta ló bi ọ́ ní ti ibùsùn? Kọ ọ́ pé iná ibẹ̀ kò pariwo, pé dígí ìwojú àti fèrèsé gíláàsì ńlá wà níbẹ̀, pé bí a bá fa aṣọ ìkélé, ènìyàn lè pààrọ̀ aṣọ kí ẹnikẹ́ni má rí i láti ìta. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń polówó fún ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn oníkajú náà wà. Ìwọ náà mọ̀ pé láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, àwọn tó ń ra kajú máa ń rọ́ wá sí àwọn abúlé tó yí wa ká. Wọ́n á gbé ìwọ̀n kalẹ̀, orí àpò ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn, nítorí wọn kò lè fi ẹrù sílẹ̀ lóru. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní í wo síńkì. Ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, iná, àti ibi tí yóò na ẹ̀yìn sí ni yóò wò. Wọ́n ń náwó, wọ́n sì ń san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àléébù ibẹ̀ ni pé wọn yóò béèrè ibi tí wọ́n máa kó àpò sí, o kò sì ní ju abẹ́ ibùsùn lọ láti fi hàn wọ́n.

Ọkọ rẹ dá àbá pé kí a kọ̀wé sí yunifásítì, nítorí àwọn tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ẹranko ní Old Oyo National Park. Òótọ́ ni pé wọ́n nílò rẹ̀. Ilẹ̀ tó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, láti apá Ṣẹpẹtẹ́rí títí lọ sí Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ ní àárọ̀ kó padà ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìjọba kì í ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo wẹ́rẹ́. Wọ́n á gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n á jókòó lé e lórí, ọ̀gá tó fẹ́ ẹ á fẹ̀yìn tì. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á, ìyẹn yàtọ̀, kó máa bọ̀.

Ní ti àwọn olóṣèlú, mo mọ̀ pé ìdìbò 2027 ló ń mú ọ lọ́kàn. Wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tilẹ̀ ti ya àwòrán ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o tó mọ̀. Ìdajì owó ni wọ́n máa san, ìdajì yòókù á di ìgbà tí wọ́n bá wọlé. Ajíhìnrere tó ń ṣe ìsọjí káàkiri dára jù wọ́n lọ, kìkì pé kí o má jẹ́ kó bá ọ sọ̀rọ̀ irúgbìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. O kó gbogbo rìsíìtì jọ, o ro ó pọ̀: bọ́ọ̀sì, káfíńtà, ọ̀dà, aṣọ ìkélé, fíríìjì, gbogbo rẹ̀, o wá ní iye yẹn ni o fẹ́ gbà padà. Ìyẹn dà bí ẹni tó ń ta ilé tó ń ka owó kọ́tìnì mọ́ ọn. Yà wọ́n sọ́tọ̀. Bọ́ọ̀sì ní owó tirẹ̀, ó sì ju ohun tí o rò lọ. Nígbà tí o rà á ní 2021, náírà tó bíi 410 ni wọ́n ń fún dọ́là kan ní báńkì. Ní ìparí 2024, ó ti kọjá 1,500. Tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí, owó dọ́là yẹn ló gbé lórí, nítorí náà má tẹ̀lé iye tí o rà á. Lọ wo iye tí wọ́n ń ta Coaster irú rẹ̀ lórí Jiji, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, lónìí, kí o yọ díẹ̀, torí pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbà. Pánẹ́ẹ̀lì sólà, inverter àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù náà ní owó tiwọn, nítorí ènìyàn lè tú wọn lọ sílé. Iṣẹ́ káfíńtà ni kí o fi fa oníbàárà mọ́ra. Bí o bá rí díẹ̀ gbà lórí rẹ̀, ó dára. Bí o kò rí nǹkan kan, o ti sùn nínú rẹ̀ dé Ìkọ́gòsì, o gbádùn ara rẹ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. 1HZ ni, lítà 4.2, tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Òun náà ni Toyota fi sínú Land Cruiser tí àwọn àjọ aláàánú fi ń wọ aginjù. Kò ní turbo, kò ní kọ̀ǹpútà tó ń bá a pèsè epo, mẹ́káníìkì tó wà ní Kìṣí lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Kọ ìyẹn sókè ìpolówó rẹ, kó ṣáájú ibùsùn. Mo ṣíná rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tó ṣì tutù. Èéfín funfun díẹ̀ tú, ó sì ti lọ kí ara ẹ́ńjìnnì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ká ní búlúù ni, ọ́ìlì ló ń jẹ nìyẹn. Ká ní ó dúdú tí kò sì dáwọ́ dúró, à bá wo nọ́sù tó ń fọ́n epo àti fíltà. Ya fídíò ìṣíná àárọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, má gé e. Ọlọ́gbọ́n oníbàárà máa ń fọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì kó tó jẹ́ kí o ṣíná, láti mọ̀ bóyá o ti mú un gbóná sílẹ̀ dè é.

Ohun tó ń dùn mí nínú bọ́ọ̀sì yìí, òrùlé ni. Lẹ́yìn òjò tó rọ̀ lóru ọjọ́ Ajé, mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀. Lókè ibùsùn, níbi tí wọ́n ti lu bóòtù pánẹ́ẹ̀lì kejì wọlé, omi ti fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀kalẹ̀ lára píláwúùdù, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Etí pákó náà ti wú. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Káfíńtà tí o fún ní iṣẹ́ ní kí n fi ọ̀dà bò ó. Mo ní kó máa lọ. Ẹni tó bá mọ mọ́tò wò, ibi tí ọ̀dà tuntun wà ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. A ó yọ pákó yẹn, a ó tú bóòtù, a ó fi sílíkọ́ọ̀nù dí i láti òkè, a ó sì dúró kí òjò kan rọ̀ lé e lórí ká tó kan òmíràn. Bí oníbàárà bá dé kí òjò tó rọ̀, sọ fún un pé ibẹ̀ jò, kí o sì fi ohun tí a ṣe sí i hàn án. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń júwe ilé yìí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wá fi píláwúùdù tó ti jẹrà kan ilẹ̀kùn mi.

Táyà iwájú méjèèjì náà gbọ́dọ̀ kúrò. Orí wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n wo ẹ̀gbẹ́ wọn, níbi tí wọ́n kọ DOT sí: 1419 ló parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe wọ́n. Táyà iwájú tó bá bẹ́ lórí eré kì í fún ènìyàn láyè. Ra méjì yẹn, fi mẹ́rin ẹ̀yìn sílẹ̀, kí wọ́n fi iyẹn dínwó. Rọ́bà gáàsì náà ti ń sán, kò wọ́n, mo máa pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn fọ́tò rẹ dùn ún wò. Ẹsẹ̀ rẹ méjì, oòrùn tó ń wọ̀, ife tíì. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ẹsẹ̀? Mo fẹ́ kí ọmọ àbúrò rẹ ya abẹ́ ọkọ̀, ibi tó ti dógùn-ún àti ibi tí kò tíì dógùn-ún, ya ẹ́ńjìnnì, ya ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, ya táǹkì omi. Kí á tó ya ohunkóhun, màá bá ìyá rẹ sọ ọ́, torí ó ti kó àpò èlùbọ́ láfún sínú rẹ̀, ó ní kò sí eku níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo aṣọ ibùsùn.

Ìwé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi wá sẹ́yìn. Funfun ló wà nínú ìwé, àwọ̀ ewé ni o kùn ún. Èrò ló wà nínú ìwé, ẹni méjì ló ń sùn nínú rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti olówò, tó ní lẹ́tà pupa. Lọ tún gbogbo ìyẹn ṣe kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kí o sì wá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tí a bá tà á, lọ́yà ni yóò kọ ìwé àdéhùn, a ó sì rí i pé wọ́n yí orúkọ olówó ọkọ̀ padà, kí ọlọ́pàá má baà wá ọ kiri lórí ohun tí ẹlòmíràn fi ṣe.

Álẹ́ẹ̀tì orí fóònù kì í ṣe owó. Kí o ṣí app báńkì rẹ, kí o rí i níbẹ̀, kí o pe báńkì, kí o tó sọ pé kí n fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wà á wò, èmi ni n ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Má tíì tú sólà tà lọ́tọ̀, bí ọkọ rẹ ṣe ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ìgbà kajú kọjá. Bí a kò bá rí ẹni tó fẹ́ ẹ lódindi títí di oṣù kẹfà, ká tú sólà àti bátìrì tà fún onílé, ká to àga padà, kí ilé-ìwé kan gbé bọ́ọ̀sì lọ. Bọ́ọ̀sì tó dúró sójú kan ń bàjẹ́ lọ ni, n kò sì fẹ́ kó ṣọdún nínú ọgbà mi.

Ọmọkùnrin onífíìmù yẹn ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti mẹ́káníìkì rẹ̀. Ó fẹ́ rí rìsíìtì bátìrì, kó lè mọ̀ pé líthíọ́ọ̀mù ni lóòótọ́. Wá a kí o fi ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Sọ iye tí o kò ní í gbà kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú, èmi nìkan. Má sọ ọ́ fún ìyá rẹ, yóò ti sọ ọ́ fún oníbàárà kí onítọ̀hún tó jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ní Ògbómọ̀ṣọ́.