Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù rẹ

Àbẹ̀kẹ́, àbígbẹ̀yìn mi,

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Fọ́tò tí o yà lẹ́nu géètì onírin yẹn ni Ìyá Ṣadé rí lórí WhatsApp, ló bá ń sọ kiri Òkè-Àdó pé ọmọ mi wà lẹ́wọ̀n ní Jámánì. Mo bú u. Mo ní Buchenwald ni, ibi tí wọ́n ti pa èèyàn láyé Hitler, pé o lọ wò ó ni. Ó ní kí lo wá débẹ̀. Ìbéèrè yẹn kò burú ṣá.

Ṣé o ń sùn? O ní 56,000 èèyàn ló kú síbẹ̀ láàárín 1937 sí 1945. O ní irin pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ fún ìrántí wọn, tí wọ́n ń mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn tẹ̀ẹ̀rùn-tòtútù, o sì gbọ́wọ́ lé e. Látìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. Ta ló rán ọ? Ilẹ̀ Mọníyà tí mo tà, kí o lè kàwé ni, kì í ṣe kí o máa fọwọ́ pa òkú lára.

Má bínú, ọmọ mi. Kọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣe WAEC tán. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná. Ṣé o ń sùn?

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Weimar yẹn, ìlú tó wà nítòsí Buchenwald, ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní sọ́jà Amẹ́ríkà kó bí 1,000 nínú wọn gòkè lọ wo òkú ní 1945, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. O rẹ́rìn-ín. O ní irọ́ ni.

Irọ́ ni lóòótọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí ní Sábó Kánò ní 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Ìgbò. Obìnrin tó máa ń bá mi dirun kan ilẹ̀kùn wa lóru. Ó pe bàbá mi. Bàbá mi ní kí n pa fìtílà, mo sì pa á. Ó wá pe orúkọ mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ní a kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá yín kú, kò mọ̀.

Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí o má débẹ̀ mọ́. Mo ti fa igi lé e. Bí o bá tún lọ, bá mi gbọ́wọ́ lé irin yẹn.

Pè mí, bó jẹ́ òru. Èmi kì í sùn.

Ìyá rẹ