Ìjà Ẹ̀tọ́ Ìdìbò: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Pe Orúkọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìjà pé kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa dìbò kì í ṣe ìjà kékeré ní Òṣogbo. Agboolé mélòó ni kò lọ́mọ ní London tàbí Houston? Ká má tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èjìgbò tó kún Abidjan. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ja ìjà náà ló kù díẹ̀ káàtó. A ó gbé pátákó lọ sí Ọláìyá, a ó kọrin, àwòrán wa á jáde, àbá òfin náà á sì kú sí Àbújá láìsí ẹni tó lè tọ́ka sẹ́ni tó pa á.

Abala 77 ìwé òfin ọdún 1999 ló dènà. Ó ní ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tún ṣe nígbà náà, abala 9 sì ti sọ iye tí yóò gbà: Sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Torí pé gbogbo ọmọ ilé ni wọ́n fi ń ṣírò, aṣòfin tó bá jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò ti dìbò takò wá, ẹnikẹ́ni ò sì ní í bá a wí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé méjèèjì da àbá yìí nù.

Ọ̀ṣun ní Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́sàn-án. Ẹ pín ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ wọn sí sọ́nà mẹ́rin: ẹni tó ti fọwọ́ síwèé, ẹni tó fẹnu sọ, ẹni tó dákẹ́, ẹni tó kọ̀. Ẹni tó fẹnu sọ, ẹ má kà á mọ́ tiwa. Ẹ mú ìwé ojú ewé kan lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ nílé, kó buwọ́ lù ú pé òun yóò wà níjokòó, òun yóò sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n lu sítáǹpù sára ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ hàn níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan.

Àárín kíkà àkọ́kọ́ àti ìkejì ni àbá òfin ti sábà máa ń sùn. Àkọlé lásán ni wọ́n ń kà ní àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó ń ṣètò iṣẹ́ ilé ló ń yan ọjọ́ ìkejì, àbá náà sì lè wà lọ́wọ́ wọn títí ilé yóò fi tú ká lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Tábìlì alága ìgbìmọ̀ yẹn ló yẹ kí lẹ́tà wa kún láti ọdún àkọ́kọ́. Bó bá fi máa di ọdún kẹta, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Bí wọ́n bá sì pè wá síbi ìpàdé ìtagbangba, ojú ewé méjì tó: nọ́ńbà abala, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí wọ́n yọ, àti èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Èyí tó dùn wá jù ni ìbò olóhùn. Olórí ilé á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, kí àwọn tó takò ó dáhùn, òòlù á dún, orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí nílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí Ilé Aṣòfin Àgbà ń jiyàn lórí fífi èsì ìdìbò ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ò gba ìbò olóhùn, ó ní kí wọ́n pe orúkọ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn 52 ní INEC ò gbọdọ̀ lò ó àfi tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, àti ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i, àwọn 28 ló kọ̀ jálẹ̀. A pàdánù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde, aráàlú sì gbé e kiri. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilé yí ìpinnu rẹ̀ padà, wọ́n fi í sílẹ̀ fún INEC láti pinnu. Torí náà, kí ẹ tó gbà pé aṣòfin kan jẹ́ tiwa, ẹ bi í: ṣé yóò dìde béèrè pé kí wọ́n pe orúkọ?

Ó tún yẹ ká mọ ohun tí a lè fi sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari kọ̀ láti buwọ́ lu òfin ìdìbò nítorí abala tó sọ pé ìdìbò abẹ́lé gbangba, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò yan olùdíje, di dandan. Àwọn aṣòfin tún abala yẹn ṣe, ó sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022. Inú bí àwọn kan, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí a rí gbà ju ohun tí a fi sílẹ̀ lọ.

Ti ìpínlẹ̀ ni a máa ń gbàgbé. Àbá àtúnṣe 44 ni Àbújá fi ránṣẹ́ sáwọn ìpínlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2023, 16 péré ni Ààrẹ buwọ́ lù. Òṣogbo níbí ni ilé aṣòfin Ọ̀ṣun wà, ọmọ ilé 26, kò gba owó ọkọ̀ Àbújá.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá wa tẹ orúkọ àwọn méjìlá tó ń ṣojú Ọ̀ṣun jáde, ẹ kọ bí kálukú ṣe dìbò síwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí kò sí níjokòó pẹ̀lú.

Àwa olùdìbò tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára,
Òṣogbo.