Kí Wọ́n Tó Wá Ṣe Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Inú mi dùn sí ìròyìn tí o fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin náà wù mí. Àmọ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wọlé wa, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ọ sọ nípa sickle cell, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ṣé o rántí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ? Ìwọ lo máa ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá lóru, èmi á ri tówẹ̀lì bọ̀ ọ́, màá fún un, màá fi tẹ orúnkún rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Àwọn kan ní àbíkú ni. Àwọn mìíràn ní èmi ni mo gbé e wá láti ilé bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, torí irọ́ ni.

Jẹ́nótáìpù ni irú ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ ẹni; méjì méjì ló máa ń wà: A ni èyí tó pé, S ni ti àìsàn náà. AS ni mí, AS ni bàbá rẹ. Ẹyọ kan ni ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá. Àwa méjèèjì la fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní S, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ SS tí àìsàn náà sì ń ṣe é. AS ni ìwọ.

Jíìnì ni ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé. Nínú èyí tó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà. Bí ẹni fẹ́ kọ ọkọ̀ tó kọ ọkọ́ ni: àmì kan péré, ìtumọ̀ ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á dí iṣan tín-ín-rín, ìrora á dé. Kì í ṣe ègún. Ibà ẹ̀fọn kì í tètè rí ọmọ AS pa, ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ nílẹ̀ wa.

Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ́ AS bíi tìrẹ, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìyẹn ò ní kí ti àbúrò rẹ̀ dínkù. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀.

Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí a tó ṣègbéyàwó, AA ni wọ́n kọ fún bàbá rẹ níbi tó ti lọ ṣàyẹ̀wò. Ìwé náà ṣì wà nínú àpótí mi. Kí ọmọkùnrin náà ṣe tirẹ̀ níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá C, irú mìíràn tó yí padà bíi S, wà níbẹ̀, torí irú àìsàn sickle cell kan ni SC náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní bí o bá ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, òun á tẹ̀ lé ọ lọ.

Ìyá rẹ