Ẹ tún etí títì ṣe kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ eré ìje

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìdíje àgbáyé fún àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú títì wáyé ní Kigali ní orílẹ̀-èdè Rwanda, tí ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà dé ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ mí ní Iléṣà kò yé bi mí ní ìbéèrè kan náà pé èló ni kẹ̀kẹ́ eré ìje. Wọ́n ti rí i lórí fóònù wọn bí Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, ṣe gun òkè Kigali ní ìrìn kìlómítà 267.5 tí ó sì já gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ojú wọn sì ń bá lọ. N kò bá wọn wí. Àwọn àgbà tí ó yẹ kí ó tọ́ wọn sọ́nà ni mo ń bá wí, títí kan àwọn tí ń ṣèlérí ètò eré ìdárayá fún wa nígbà ìbò, nítorí pé wọ́n ń dáhùn bí ẹni pé owó kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni ibi tí ọmọ yóò ti máa gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ láìkú.

Kí n tó lọ jìnnà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń sọ, n kò sọ ti Márúwá. Òṣìṣẹ́ ni mí, kò sí ẹni tí ń san owó fún mi láti sáré. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, tí ó bá sì di àárọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn díẹ̀ bíi tèmi a máa gba ọ̀nà Ọ̀ṣú lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí kí a kọjú sí ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà bí ara bá yá. A máa ń bá ara wa díje níbẹ̀. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ìwé ìròyìn, àmọ́ kò sí ẹni tí ó fẹ́ kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù ni ó máa ń gba ipò kìíní nínú eré kẹ̀kẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, atẹ́gùn ni ọ̀tá, ẹni tí ó bá sì sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni atẹ́gùn yóò fi dènà rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn eléré ìje ṣe máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí táyà iwájú ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, kí ẹni ẹ̀yìn lè sinmi níbi tí atẹ́gùn kò ti dé e tààrà, kí ó tó di pé ó kan òun náà láti bọ́ síwájú. Agbára tí ènìyàn ń tọ́jú báyìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń gùn ún bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó, kò lè bá agbo eléré ìje dé òpin.

Níbo ni ọmọ Iléṣà yóò ti kọ́ ọ? Ẹni tí ó fara mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn kì í rí ilẹ̀ tí ń bọ̀ níwájú. Bí ẹni iwájú bá ṣàdédé yẹ kòtò, inú kòtò náà ni ẹni ẹ̀yìn yóò wọ̀. Bí a bá ní kí a gba etí títì, omi òjò ti wẹ amọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, ó ti di bèbè, táyà tí ó bá sì yọ̀ kúrò lórí bèbè yẹn kì í padà sókè láì dá ènìyàn lulẹ̀. Bí a bá ní kí a gba àárín, tírélà wà lẹ́yìn. Nítorí èyí ni àwa tí a ń gùn ní Sátidé fi ń ta kété sí ara wa, tí a jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àǹfààní títò tẹ̀lé ara wa fi ń bọ́ sọnù. A ń lágbára sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ tí ó wọ́n jù lọ láyé fún wa lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí.

Lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń pàdánù owó. Òfin àjọ UCI tí ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ni pé kẹ̀kẹ́ ìdíje kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ, gbogbo ènìyàn sì ń lé fífúyẹ́ yẹn kiri. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹnìkan àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wọn kílò 80, tí ó wá ná owó ńlá láti dín kílò 2 kù, ìdá 2.5 nínú 100 ni ó dín. Òkè tí ó ń fi ìṣẹ́jú 20 gùn tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni yóò fi yá sí i. Fún Pogačar, ìṣẹ́jú àáyá 30 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ipò kìíní àti ipò kẹwàá. Fún ọmọ tí kò tíì díje rí, kò já mọ́ nǹkan.

Ohun tí ó já mọ́ nǹkan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni eyín jíà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje tòkunbọ̀ tí ó ń wọlé sí wa ni wọ́n ṣe fún àwọn tí ó ti di ọ̀gá: eyín 53 àti 39 níwájú, níbi pẹ́dà, èyí tí ó tóbi jù lẹ́yìn, lára táyà ẹ̀yìn, kò sì ju 23 lọ. Lórí 39 àti 23, tí ẹsẹ̀ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ yóò lọ tó mítà mẹ́ta àbọ̀; ó dùn létí, àfi ìgbà tí ènìyàn bá dé ìsàlẹ̀ òkè ní ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá wá 34 fún iwájú àti 32 fún ẹ̀yìn, mítà méjì àti díẹ̀ ni yóò máa rìn fún yíyí pẹ́dà kọ̀ọ̀kan, yóò sì gun òkè náà ní ìjókòó. Àyípadà yìí kò ná ènìyàn tó owó kẹ̀kẹ́ tuntun rárá.

Táyà ni ó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn táyà tẹ́ẹ́rẹ́ oní-mìlímítà 23 tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí títí ó fi le koránkorán, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ti eré ìje. Lójú títì tí ó rí gbágungbàgun, fífò ni táyà bẹ́ẹ̀ ń fò, fífò yẹn sì ń jẹ agbára. Táyà mìlímítà 32 tí atẹ́gùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀nà tiwa, tiúbù kì í sì í bẹ́ lemọ́lemọ́, bí àyè bá wà fún un lára fírémù. Kí ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ eré ìje sì ra irin bàbà kékeré tí a ń dè mọ́ ẹnu tiúbù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ àwọn tí ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu tiúbù mọ́tò àti ọ̀kadà ni wọ́n ṣe é fún. Láìsí irin yẹn, ènìyàn lè wà ní àárín Ọ̀ṣú, kí àwọn tí ń fẹ́ táyà wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé.

Ní ti ṣéènì, rúlà ọmọ iléèwé tó. Ìdè mẹ́rìnlélógún ṣéènì tuntun jẹ́ íǹṣì 12 gééré. Bí ó bá ti gùn dé íǹṣì 12 àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti ń jẹ eyín jíà nìyẹn, àti pé ó ṣeé ṣe kí jíà ẹ̀yìn náà ti lọ. Ọ́ìlì mọ́tò tí a ń dà sí i yàlàyàlà nígbà ọyẹ́ ló ń kó eruku jọ tí ń pa á. Ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Rọ́bà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé ó ti gan lórí ìdúró. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí aṣọ, àfi pé akoto kì í ṣe aṣọ. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ láìdé e.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi ọ̀rọ̀ Ese Ukpeseraye dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin Nàìjíríà yìí, nígbà tí àyè ṣí fún un láti díje nínú pápá kẹ̀kẹ́, kì í ṣe lójú títì nìkan, ní ìdíje Olympics ti Paris ní ọdún 2024, kò ní kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún un, àwọn ikọ̀ Jámánì ni wọ́n yá a ní tiwọn. Ìtìjú ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kẹ̀kẹ́ ni àwọn ará Jámánì yá a, wọn kò yá a ní ẹsẹ̀, wọn kò sì yá a ní ọgbọ́n eré. Ó ti di eléré kí ó tó dé Paris. Ìbéèrè tèmi ni bí a óò ṣe ní irú rẹ̀ ní Iléṣà.

Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ipele mẹ́ta nínú Tour de France ọdún 2024, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ti ẹni tí àmì ayò rẹ̀ pọ̀ jù, dé òpin. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipele nínú ìdíje náà. Òun kan náà ni ìdérí ìgò ọtí ẹ̀yẹ fò bà lójú nínú ìdíje Giro d'Italia ní Ítálì ní ọdún 2022 lẹ́yìn tí ó borí ní ipele kan, tí kò sì lè bá Giro náà lọ mọ́, èyí tí ó jẹ́ kí n máa ṣọ́ra fún àwọn ìgò wọ̀nyẹn títí di òní. Eritrea kì í ṣe orílẹ̀-èdè olówó. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Asmara ni wọ́n sọ ọ́ di ohun tí àgbà àti ọmọdé ń gùn lọ sọ́jà. Bùrùkínà Fasò, tí kò lówó tó wa, ti ń ṣe Tour du Faso láti ọdún 1987, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ sì wà fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù lára àwọn títì ńlá Ouagadougou. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti jẹ́ nǹkan ojoojúmọ́ ni wọ́n ti ń rí àṣàyàn mú.

Ó yẹ kí èyí yé àwa Ìjẹ̀ṣà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn òṣómàáló tí ó di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ tà ní ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n sì tún padà lọ gba owó. Nígbà náà, ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ni ènìyàn pàtàkì. Lónìí, bí mo bá gun tèmi dé ibi iṣẹ́, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ ni bóyá mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ti kọ́ láti rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní àwọn iléepo NNPC kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó parí ti kọjá 600 náírà nínú oṣù Keje ọdún náà, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò padà sí ìgboro. Bí ó bá jẹ́ pé owó nìkan ló ń dí wa lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni à bá rí wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ládùúgbò mi, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fún mi: ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ òun gba ojú ọ̀nà yìí?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Mo mọ̀ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, pé ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì sọ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ó dára. Àwọn títì tí ó lọ sí àwọn iléèwé nínú ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n dí bèbè etí títì náà kí ó bá ọ̀dà dọ́gba, kí àwọn iléèwé sì ní ibi tí ọmọ lè so kẹ̀kẹ́ mọ́. Nígbà ọdún Ìwúdè Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n dí títì díẹ̀ ní ìgboro láàárọ̀ kùtù fún eré kẹ̀kẹ́, kí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ yòówù láàyè, kí ti àwọn tí ó ní jíà dá dúró, kí ti àwọn tí kò ní náà dá dúró, kí ti àwọn obìnrin má sì ṣe jẹ́ ohun tí a ń fi pa àlàfo. Lórí títì tí mọ́tò kò sí, àwọn ọmọ wa yóò lè tò tẹ̀lé ara wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá wa tẹ orúkọ àwọn tí ó bá borí sójú ìwé eré ìdárayá yín, ìbáà jẹ́ ní ìlà méjì.

Bí ìgbìmọ̀ kan bá sì wà tí ó fẹ́ mọ ibi tí etí títì ti jẹ jù láàárín Iléṣà àti Ọ̀ṣú, kí ó lè ròyìn fún àwọn tí ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ wọn, àwa setán láti fi hàn wọ́n ní Sátidé èyíkéyìí. Kí wọ́n má gbé mọ́tò wá. A ní kẹ̀kẹ́ tí a lè yá wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agunkẹ̀kẹ́ kan,
Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.