Olóòtú, ẹ máa sọ ibi tí olórin ti ń ṣeré fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, ìsọ̀ mi ni mo sì ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá ti ka ojú ewé bọ́ọ̀lù tán. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: pé kò sí olórin tó ń lu ìlù gidi mọ́ ní Abẹ́òkúta, pé DJ ti gba gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn olórin wà. Àwa tó yẹ ká lọ gbọ́ wọn ni a kì í lọ.

Kílọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní apá Òkè-Ìlẹ̀wó tí mo máa ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìpolówó ni mò ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni; wọ́n wó ògiri àárín yàrá méjì, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan, kò sì lè gbà ju àádọ́ta àga lọ. Kò sí pèpéle. Bí ẹni tó jókòó níwájú bá na ẹsẹ̀, yóò kan wáyà gìtá. Oníbàárà mi kan tó ń ta gìtá ló ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, tó ní kí n wá wo bó ṣe yẹ wọ́n. Aṣọ ni mo lọ wò. Orin ló mú kí n tún padà lọ.

Orin ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Bí wọ́n bá ṣe háíláìfù lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ àwọn ọmọdé tó ń fi ọ̀rọ̀ kíákíá kọrin ni wọ́n máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ jazz níbẹ̀, mo ti gbọ́ àpàlà, mo sì ti gbọ́ ọmọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó jókòó ti dùúrù, tó fi ohùn ìyìn Ọlọ́run kọ oríkì Ẹ̀gbá, tí omi bọ́ lójú àwọn àgbà ọkùnrin. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á pàdé nínú alẹ́ ẹyọ kan.

Alẹ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, awọ ìlù sì ti dẹ̀. Bàbá tó ń lu sákárà gbé ìlù rẹ̀ jáde lọ bá onísúyà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ojú ìlù sí ẹyin iná, ó ń fi ìka tọ́ ọ wò, ó ń yí i, ó tún ń tọ́ ọ wò, títí ohùn rẹ̀ fi mú. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ sákárà rí àfi nínú rẹ́díò, ẹ má bínú sí mi, ẹ ò tíì gbọ́ ọ. Amọ̀ tí wọ́n mọ roboto tí wọ́n sì sun ni, awọ ni wọ́n nà bò ó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni bàbá fi ń lù ú, ìka ọwọ́ tó fi dì í mú ló sì fi ń tẹ awọ kí ohùn lè gòkè kó sì sọ̀. Nínú yàrá kékeré yẹn, etí wa ń gbọ́ ìgbà tí ìka tẹ awọ àti ìgbà tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Sípíkà kankan ò lè fún yín nírú ẹ̀.

Onígòjé wá bẹ̀rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló wà lára gòjé, irun ẹṣin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fun sasofóònù dúró tì í, kò kọ́kọ́ fun nǹkan kan. Ó dẹtí. Ó wá ohùn gòjé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó rí i, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún wá a. Nígbà tí fèrè àti gòjé pàdé, gbogbo ilé hó yèè. Onígòjé yẹn tó bí bàbá ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò rí ara wọn rí kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ìdí tí irú ẹ̀ fi lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lóde ìnáwó, olówó ló ń tọ́ orin sọ́nà. Olórin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ inú orin, alága á dìde, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ iwájú orí, orin á yà sórí orúkọ bàbá ẹni náà, á kọjá sórí ìyàwó, á kan ilé iṣẹ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo náwó fún olórin lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi, orí mi sì wú nígbà tó kì mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n ń dá dúró ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú nítorí oríkì kì í dé ibi tó ń lọ. Ní kílọ́ọ̀bù kékeré, gbogbo wa ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí alága, kò sí ọlọ́jọ́. Olórin á bá orin rẹ̀ rìn dé òpin.

Abẹ́òkúta ló sì yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Ìlú wa ni wọ́n fi sọ Yusuf Olatunji ní Bàbá L'Ẹ̀gbá, òun tó gbé sákárà dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kó tó kú ní 1978. Ìtòkò ni ti Ayinla Omowura, olórin àpàlà, tó fi wá sílẹ̀ ní 1980. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, kí wọ́n tó bí Fela ọmọ ọmọ rẹ̀ níbí ní 1938. Nígbà tí Fela di ńlá ní Èkó, kò dúró de olóde ìnáwó. Ó ní kílọ́ọ̀bù tirẹ̀, Shrine. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe orin tuntun títí yóò fi gbó dáadáa, kó tó gbé e lọ sí sítúdíò. Bó bá sì ti di àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ mọ́ lórí ìtàgé. Olóyè Ebenezer Obey, ọmọ Òwu, náà ti ní kílọ́ọ̀bù tirẹ̀ rí, Miliki Spot, ní Èkó níbẹ̀. Èkó làwọn ọmọ wa lọ dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sí. Ó tó kí àwa náà ní in nílé.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. ₦3,000 ni owó ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan á dé, wọ́n á ní àwọn mọ ẹni tó ni ibẹ̀, wọ́n á sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ogún èèyàn bá sanwó, ₦60,000 nìyẹn. Ẹ yọ owó epo jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ owó ọkọ̀ àwọn tó wá láti Ìbàdàn, kí ẹ wá pín ìyókù fún olórin mẹ́fà. Ẹni tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu onílù ni, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ni kílọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ yín, ẹ tètè máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ lẹ kọ sára bébà, aago mẹ́wàá á ti kọjá kí ẹ tó fọwọ́ kan ìlù. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta làwọn oníbàárà wa ń wọlé láti Èkó, mo sì gbọ́dọ̀ ti wà ní ìsọ̀. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò wọ́pọ̀ mọ́, obìnrin ò sì fẹ́ dá rìn lóru. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, àwọn ìyá á wá, àwọn olùkọ́ á wá, àwọn tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ gan-an. Àwọn kan ládùúgbò mi ń bèèrè pé kí ni ìyá tó ti ní ọmọ ọmọ ń wá ní kílọ́ọ̀bù. Orin ni mò ń wá. Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ máa ń lọ, ẹlẹ́rìndòdò la ń mu, a sì ń padà sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Olóòtú, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bẹ̀ mi tó kẹ́yìn wà. Ẹ ń sọ ọjọ́ àti aago tí Chelsea àti Arsenal máa gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Ẹ fún àwọn olórin náà ní igun kan lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀: ta ló ń ṣeré, níbo, aago mélòó, èló. Kó má mọ sí Abẹ́òkúta; ẹ fi Ìjẹ̀bú-Òde sí i, ẹ fi Ṣàgámù sí i. Ilé tí kò gbà ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ, ẹ má gbowó lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ sì rán akọ̀ròyìn kan lọ jókòó, kó kọ bí eré ṣe lọ: ẹni tó ṣe dáadáa, kó yìn ín, ẹni tí kò múra sílẹ̀, kó sọ ọ́.

Bí ẹ bá gbà, ọmọ mi á máa pe àwọn ilé tí a mọ̀ lọ́jọ́ Ajé, á sì fi èsì ránṣẹ́ sí yín kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú. A ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.