Aṣọ èèpo igi àwọn Baganda àti ẹ̀lú tí a kò gbìn mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àṣà àti ọrọ̀ ajé bá délẹ̀ láàárín wa, ibì kan náà ló máa ń já sí: kí ìjọba ṣe àjọ̀dún, kí àlejò wá náwó, kí wọ́n padà sílé wọn. Mo fẹ́ kí á wo ọ̀nà mìíràn lọ́dọ̀ àwọn Baganda ti ilẹ̀ Uganda, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ń sọ èdè Bantu. Wọ́n ní aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní lubugo. Wọn kì í ran òwú rẹ̀, wọn kì í hun ún. Ara èèpo igi ni wọ́n ti ń lù ú jáde.

Bantu kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èdè ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn, láti Kamẹrúùnù títí dé Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́nu Muganda, omuntu ni ènìyàn kan, abantu ni ènìyàn púpọ̀. Muganda ni ẹnì kan, Baganda ni ọ̀pọ̀, Luganda ni èdè wọn, Buganda ni ilẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ibi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti pààlà ni àwọn baba ńlá wọn ti gbéra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá: ẹ̀ta tiwa ni wọ́n ń pè ní ssatu, ìwà tí àwa ń pè ní ọmọlúàbí sì ni obuntu bulamu lọ́dọ̀ wọn.

Igi mutuba ni aṣọ náà ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Ficus natalensis, ẹbí igi ọdán tó ń ṣíji bo ọjà àti ojúde ọba wa sì ni. Ẹ̀ka tó ti gbó ni wọ́n máa ń gé rì mọ́lẹ̀, á sì sọ. Àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí ni wọ́n ń gbìn ín sí, ó ń ṣe ìbòòji fún wọn, kò sì gba ilẹ̀ oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Àsìkò òjò ni wọ́n ń bó o. Nígbà yẹn oje ń ṣàn, èèpo á sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá bó o lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ṣe ni yóò lẹ̀ gbàgì mọ́ igi, tí yóò sì fàya. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ ha èèpo òde tó gbẹ dànù. Á fi ọ̀bẹ la igi yípo nísàlẹ̀, á la á yípo lókè nítòsí ibi tí ẹ̀ka ti yà, á wá là á gbọọrọ láti òkè wá sílẹ̀. Ègé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ló ń tì bọ abẹ́ èèpo náà díẹ̀díẹ̀, nítorí ó rọ̀, kò ní ha igi lára. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó tutù, tó ń yọ̀, tó lẹ̀ mọ́ igi. Inú rẹ̀ ni èèpo tuntun yóò ti hù. Bí ọ̀bẹ bá wọlé jù tó gé e, ojú ibẹ̀ kò ní bò mọ́.

Tó bá bó o tán, kò gbọdọ̀ fi igi sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé e, wọ́n á so ó pinpin kí oòrùn má bàa gbẹ ẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara tuntun á ti máa bo igi náà. Wọ́n á tú ewé kúrò, ó di àmọ́dún kí wọ́n tó tún bó o. Èèpo àkọ́bó kì í dára, ó máa ń le, ó sì máa ń rí ṣákiṣàki. Èyí tó bá tẹ̀lé e ló ń kúnná, igi kan ṣoṣo sì lè máa pèsè aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé e lulẹ̀.

Ooru tàbí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń rọ èèpo náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Lílù yìí ni wọ́n ń pè ní okukomaga. Abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí èèpo tó bá tètè gbẹ yóò sán. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi gbọọrọ kan tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n á sì máa fi òòlù onígi lù ú. Wọ́n gbẹ́ ilà yípo orí òòlù náà, oríṣiríṣi sì ni: ilà èyí àkọ́kọ́ nípọn, ó jìnnà síra, òun ló ń fọ́ èèpo náà, ilà èyí tó tẹ̀lé e súnmọ́ra, ti ìkẹyìn wẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ojú aṣọ jọ̀lọ̀. Bí òòlù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni èèpo ń fẹ̀ sí i, títí tí ohun tó jẹ́ ọ̀já tóóró yóò fi di aṣọ tí àgbàlagbà lè dà bora. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dọ́gba yóò lu ibì kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ihò á fi yọ níbẹ̀. Wọn kì í tìtorí ìyẹn sọ aṣọ nù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi okùn ìko rán an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí oòrùn, wọ́n á fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú tí oòrùn bá rí á sì pọ́n bí ìkòkò amọ̀ tuntun.

Àwọn ọmọ ìran Ngonge ló ni iṣẹ́ yìí, olórí wọn nínú rẹ̀ sì ni kaboggoza, oyè ìdílé. Ìran ni gbogbo Baganda fi ń dá ara wọn mọ̀, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Inú bí wọ́n ṣe pín ìran náà ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù: òrùlé, akasolya, ni olórí pátápátá, lábẹ́ rẹ̀ ni ssiga, òkúta ààrò, lábẹ́ ssiga ni mutuba. Igi aṣọ yìí gan-an ni orúkọ ẹ̀ka ẹbí. Ẹni tó ń wí pé "mutuba wa" lè máa sọ̀rọ̀ igi, ó sì lè máa sọ̀rọ̀ àwọn bàbá rẹ̀.

Ohun tó sọ lubugo di ọrọ̀ ajé ni pé ó ní ẹni tó gbọdọ̀ rà á. Òun ni wọ́n fi ń wé òkú Muganda. Òun ni wọ́n ń wọ̀ níbi ìwúyè Kabaka, ọba Buganda. Ti ọba àti àwọn ìjòyè lè jẹ́ funfun tàbí dúdú. Òun náà ni wọ́n ta bí aṣọ ìkélé nínú ibojì àwọn ọba ní Kasubi, nílùú Kampala. Nígbà tí iná jó ilé ńlá ibẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2010, àwọn tó mọ iṣẹ́ koríko bíbò àti aṣọ lílù ṣì wà láàyè láti tún un kọ́, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì yọ ibẹ̀ kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá tó wà nínú ewu ní 2023.

Iṣẹ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú rí. Aṣọ òwú tí àwọn oníṣòwò Lárúbáwá kó dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kọ́kọ́ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1966, ọmọ ogun ìjọba kọlu ààfin, Kabaka Mutesa Kejì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òfin ọdún 1967 sì pa ipò ọba rẹ́. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a padà, Ronald Muwenda Mutebi Kejì sì gorí ìtẹ́ ní 31 oṣù Keje. Ní 2005, UNESCO kéde iṣẹ́ náà pé ó wà lára àwọn àjogúnbá àṣà tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, orí àtúnbí ipò ọba yìí sì ni ìkéde náà ti rí ẹsẹ̀ dúró sí. Lónìí, àwọn kan ń fi lubugo ṣe àpò, fìlà àti ìbòrí àtùpà, ó sì ń dé òkè òkun. Inú mi dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò rò pé òun ni òpó tó gbé ilé ró. Aṣọ tí kò fẹ́ràn omi, tí a kò lè fọ̀ léraléra, kò lè bá aṣọ òwú dù ú lọ́jà. Òkú tí a ń sin àti oyè tí a ń jẹ lọ́dọọdún ló ń jẹ́ kí oníṣẹ́ máa lu aṣọ nígbà tí àlejò kò bá wá. Ewu tó kù ni àwọn tó ń gé mutuba fún èédú, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá fún aṣọ náà pé aṣọ òkú ni.

Olóòtú, ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀lú tiwa. Lórí ẹ̀lú ni aró Òṣogbo àti àdìrẹ Abẹ́òkúta dúró: ewé tí wọ́n gún, tí wọ́n sù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ púpọ̀ kí ìkòkò aró tó pọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ aláró ló jẹ́ pé aró oníyẹ̀fun inú ike àti sódà ni wọ́n ń rà lọ́jà, nítorí àwọn tó ń gbin ẹ̀lú fún wọn kò pọ̀ mọ́. Sódà náà ń jẹ wọ́n lọ́wọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára sì ń wọlé láti òkè òkun, ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì dín. A ń pariwo lórí aṣọ ẹ̀rọ yẹn, a kò sì sọ ohunkóhun nípa ewé.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀ṣun fún ni kí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tọ́jú irúgbìn ẹ̀lú, kí wọ́n pín in fún àwọn aláró àti àwọn àgbẹ̀ tó súnmọ́ wọn nígbà òjò àkọ́rọ̀, kí wọ́n sì gbìn ín sí etí oko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo sì ń bẹ àwọn ọba wa pé, nígbà tí wọ́n bá ń fi ìjòyè tuntun jẹ, kí aṣọ àdìrẹ tí a fi ẹ̀lú rẹ wà lára ohun tí onítọ̀hún gbọdọ̀ mú wá sí ààfin.

Èmi ni ti yín,
Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta